Kí ni àgbẹ̀ tí kò lówó ẹ̀rọ omi lè gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Abẹ́òkúta?

Ẹ̀fọ́ ni, bí ẹ bá rí akùrọ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í ju ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ kí ẹ tó máa já wọn tà, garawa sì tó fi pọn omi sí i. Ẹ wọ́n omi láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí oòrùn má baà tètè fa omi náà. Lójú tèmi, koríko yẹn ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀rọ.

Ní orí òkè tí kò sí omi, òjò lẹ máa gbára lé, ẹ má sì fi ẹ̀gẹ́ nìkan kún oko (láfún ò jẹ́ kí àwa Ẹ̀gbá gbọ́ èyí). Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, ewé rẹ̀ á bo ilẹ̀. Tó bá di ìparí oṣù kẹjọ, ẹ̀wà ló kàn. Ó ń fún ilẹ̀ lókun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí odò Ògùn, ẹ kórè kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Tí wọ́n bá ṣí omi ìsédò (dáàmù) Ọ̀yán, tó ti wà láti 1983 lórí odò tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, àkúnya lè gbé oko lọ.