Ọ́síjìn ni kó o fi kẹ́yìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ká bálánsì ìjóná bútéènì, C₄H₁₀ + O₂ → CO₂ + H₂O, kí iye átọ̀mù òsì àti ọ̀tún lè dọ́gba, mo ṣe é títí, ọ́síjìn yẹn ò dọ́gba, tí mo bá tún apá ọ̀tún ṣe tòsì á tún bàjẹ́, nígbà tó yá mo kàn sọ H₂O di H₂O₂ kó lè bára mu, tíṣà bá fi bírò pupa fa X gàgàrà sí i. Kí ló burú ńbẹ̀? — Ọmọ Sáyẹ́ǹsì

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò, àmọ́ tíṣà ò jẹ̀bi. H₂O₂ kì í ṣe omi mọ́, oògùn tí wọ́n máa ń dà sójú egbò tó máa ń hó yẹn ni, kò sì sí bútéènì tó máa jó tí yóò sọ ìyẹn di tiẹ̀. Má fọwọ́ kan nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ láéláé, ti iwájú nìkan lo láṣẹ lórí ẹ̀.

Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú ni pé ọ́síjìn lo kọ́kọ́ dìmú. Wò ó, lápá ọ̀tún ó wà nínú CO₂, ó tún wà nínú H₂O, torí náà gbogbo ohun tó o bá ṣe fún kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn ló máa yí iye ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n lápá òsì O₂ dá dúró ni, nọ́ńbà tó o bá fi síwájú ẹ̀ ò ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́. Òun ló yẹ kó kẹ́yìn.

Ó yá, kábọ́ọ̀nù 4 ló wà lósì, fi 4 síwájú CO₂. Háídrójìn jẹ́ 10, omi kan ń gba 2, fi 5 síwájú H₂O. Wá ka ọ́síjìn apá ọ̀tún, 8 láti inú CO₂, 5 láti inú omi, ó di 13, bẹ́ẹ̀ méjì méjì ni O₂ ń rìn. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí lẹ ń pa rẹ́ fún? Kọ 6½ síwájú O₂, kó o wá fi 2 sọ gbogbo nọ́ńbà iwájú di púpọ̀:

2C₄H₁₀ + 13O₂ → 8CO₂ + 10H₂O

Kà á: kábọ́ọ̀nù 8 sí 8, háídrójìn 20 sí 20, ọ́síjìn 26 sí 26. Ó parí.

Nínú ẹbí alkane, ìyẹn bútéènì àti àwọn ìbátan ẹ̀ tó jẹ́ kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn nìkan, tí kábọ́ọ̀nù bá ti jẹ́ 2, 4, 6 tàbí 8, ìdajì yẹn máa yọjú dandan. Tó bá jẹ́ 1, 3 tàbí 5, kò ní yọjú, C₃H₈ kàn máa gba 5O₂ wẹ́rẹ́ ni.

Étánọ́ọ̀lì, C₂H₅OH, ni kó o ṣọ́ra fún jù, torí òun fúnra ẹ̀ ti gbé ọ́síjìn 1 dání. Apá ọ̀tún ẹ̀ máa fún ẹ ní 2CO₂ àti 3H₂O, ọ́síjìn 7, àwọn kan á sì sáré kọ 3½. Yọ 1 tó ti wà nílẹ̀ kúrò, ó ku 6, 3O₂ péré ló fẹ́.