Ọ̀pọ̀lọ́ àbí ọpọlọ: ìdáhùn fún ọmọ tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú Biology àti Psychology

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 18 ni mí. Medicine ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, 231 ni mo gbà. Ilé ìwé ní máàkì mi ò tó, pé kí n mú ọ̀kan nínú Biology àti Psychology. Dádì mi ní kí n mú Biology, pé tí mo bá ti wọlé, màá sọdá sí Medicine ní 200 level. Àǹtí mi ní Psychology ló dáa, pé dókítà ọpọlọ làwọn náà, àti pé kò sí ìṣirò níbẹ̀. Ní WAEC, B3 ni mo ní nínú Biology, C6 nínú Chemistry, C5 nínú Maths. Èwo ló máa tètè sọ mí di dókítà nínú méjèèjì mà?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kò sí èyí tó máa sọ ọ́ di dókítà nínú wọn. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o kọ yìí kì í ṣe ìbéèrè lórí Biology àti Psychology rárá. Medicine lo ń béèrè, o kàn gbé aṣọ ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ ni. Lọ́dọọdún tí orúkọ bá ti jáde, irú lẹ́tà yìí kì í wọ́n mi lọ́wọ́, ó sì ti ń sú mi. Kì í ṣe ìwọ lo sú mi o. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ "sọdá" yìí jẹun ni.

Èmi náà ti fẹ́ sọdá rí. Zoology ni wọ́n fún mi nígbà tèmi, ní ilé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀gá kan nínú ọ́fíìsì wọn fẹnu ara rẹ̀ sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, bí mo bá ti ṣe dáadáa lọ́dún kìíní, wọ́n á gbé mi kọjá. Mo kàwé títí ojú fi jìn sínú. Mo ṣe dáadáa. Ìgbà tí mo padà dé ọ́fíìsì yẹn, wọ́n ti gbé ọ̀gá náà lọ ibòmíràn, ẹni tó jókòó sórí àga rẹ̀ ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo parí Zoology mi, lẹ́yìn ìyẹn ni mo gba Direct Entry, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọlé láti 200 level, wọ Psychology, iṣẹ́ tó ń bọ́ mi dòní. Mo ti gbé nínú ilé méjèèjì, mo mọ ibi tí òrùlé ti ń jò.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yìí pẹ́ láyé ni pé ó jọ òótọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọmọ Biology àti ọmọ Medicine jọ ń jókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà lọ́dún kìíní ni. Biology kan náà, Chemistry kan náà, Physics kan náà, olùkọ́ kan náà, ooru kan náà. O máa wo ẹni tó jókòó tì ọ́, o ó ní kí ló fi jù mí lọ? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìwé nìkan ló ń pinnu iye ọmọ tó máa kọ́ Medicine. MDCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń gé iye tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá fún un, ó sì ti fìyà jẹ àwọn tó kọjá rẹ̀ rí. Ká ní ààyè 100 ni wọ́n fún ilé ìwé kan, àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe o, tí ọmọ tí wọ́n gbà sí 100 level Medicine sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Níbo lo rò pé wọ́n ń rán wọn lọ? Zoology, Botany, Biology. Ọ̀nà tí dádì rẹ ń fi hàn ọ́ yẹn, ọkọ̀ ń rìn níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń bọ̀ ló kún inú rẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ń lọ.

Mi ò bú dádì rẹ o. Ire ni wọ́n ń fẹ́ fún ọ, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n mọ ẹnì kan tó sọdá láyé ọjọ́un. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìlànà ilé ìwé ò dọ́gba, mi ò lè fẹnu kan ṣoṣo dájọ́ gbogbo wọn, torí náà ẹ bá mi béèrè lọ́dọ̀ tiyín gan-an, kí ẹ gbà á lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín ṣe é lábẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, olè ni.

Ọ̀nà tó wà ní gbangba ò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, o lè tún JAMB jó lọ́dún tó ń bọ̀. Bí o bá ti wọlé síbì kan nígbà yẹn, ka ìlànà JAMB ti ọdún náà dáadáa, kí o má fi ohunkóhun pamọ́ fún wọn. O lè lọ ṣe JUPEB tàbí IJMB, àwọn ètò ìmúrasílẹ̀ tí èèyàn fi ń wá Direct Entry. O sì lè parí Biology pẹ̀lú máàkì tó ga, kí o wá gba Direct Entry sí 200 level Medicine ní àwọn ilé ìwé tó ń gbà á, tí ààyè rẹ̀ ò sì pọ̀. Ọdún 4 ti Biology, ọdún 5 lórí rẹ̀, 9 nìyẹn kí wọ́n tó ní kí o lọ fi odindi ọdún kan ṣe housemanship, iṣẹ́ dókítà tuntun lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn. Mo tún rí C6 inú Chemistry yẹn. Kírẹ́díìtì ni, kò sẹ́ni tó máa tìtorí rẹ̀ lé ọ, àmọ́ Biochemistry wà nínú Medicine tó ń retí rẹ, kì í sì í ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ. Èmi kì í kọ oògùn. Ẹni tó ń kọ oògùn fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ni psychiatrist, Medicine ló sì kọ́kọ́ kọ́. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ kí aláìsàn Aro máa gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn láti 1954, ìṣègùn ló kọ́ ní Birmingham kó tó kọjú sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Èmi tí mo jẹ́ clinical psychologist, ìdánwò àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni irinṣẹ́ mi, BSc ọdún 4 nìkan kọ́ ló sì gbé mi débẹ̀: mo ṣe Master's, mo tún fara mọ́ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó fi èmi àti aláìsàn nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Àwọn tó gba BSc lánàá, tí wọ́n lẹ "therapist" mọ́ orúkọ wọn lórí Instagram lónìí, tí wọ́n ń sọ fún oníbànújẹ́ ọkàn pé kó ju oògùn rẹ̀ nù, èmi ni wọ́n máa ń gbé àwọn oníbànújẹ́ náà wá bá nígbẹ̀yìn. Má di irú therapist bẹ́ẹ̀.

Ní ti pé kò sí ìṣirò, ta ló parọ́ yẹn fún àǹtí? Mo máa ń kó rúlà wá sí kíláàsì. Ẹnì kan á di rúlà mú lókè, ẹnì kejì á ya àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹni òkè á jù ú sílẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ á hán an. Bó bá já bọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 20 kí ọwọ́ tó bà á, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló gbà á: ojú rí i, ọpọlọ gbọ́, ọpọlọ rán ọwọ́ níṣẹ́, ọwọ́ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rín ló máa ń gba gbogbo kíláàsì. Mo wá ní kí wọ́n kó nọ́ńbà 40 ọmọ jọ, kí wọ́n wá áfírééjì rẹ̀, kí wọ́n wo bó ṣe fọ́n ká sí, kí wọ́n sì fi hàn mí bóyá àwọn tó sùn dáadáa lóru yá lọ́wọ́ ju àwọn tí kò sùn lọ ní tòótọ́, àbí ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín á tán. C5 inú Maths yẹn á tó bí o bá ṣe tán láti jókòó tì í.

Biology ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọ́ lo máa fi mọ̀ ọ́. Wọ́n á kàn án mọ́ orí àwo onída, òórùn oògùn á gba imú, wọ́n á la àyà rẹ̀, wàá wá rí ọkàn rẹ̀ tó ní yàrá mẹ́ta, tó ṣì ń sọ kì, kì, kì, nígbà tí ẹranko náà ti kú. Àwọn kan máa ń sá jáde. Àwọn kan máa ń sún mọ́ ọn tí irun orí wọn fi fẹ́ bọ́ sínú àwo. Bí o bá wà nínú àwọn ìkejì yìí, o mọ ibi tó yẹ kí o wà. Má sì rò pé Biology ló ń sọ èèyàn di Medical Laboratory Scientist. Ọdún 5 ni tiwọn, ìwé àṣẹ wọn sì yàtọ̀.

Bí o bá ní àfi kí n sọ tèmi, mú Biology, torí B3 yẹn, àti torí pé Psychology wà lábẹ́ Social Sciences ní UI, OAU àti UNILAG; o lè má rí Chemistry àti Physics mọ́ láé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mú un bí ẹni tó máa fi ṣe iṣẹ́ jẹun, kì í ṣe bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ níbùdókọ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe fún ọ, tó jẹ́ ohun tó ń mú èèyàn ṣe bó ṣe ń ṣe lo máa ń rò lóru, gbàgbé tèmi, mú Psychology.

Kí o tó tẹ "Accept" lórí CAPS, ojú òpó JAMB tí wọ́n ti ń gba ààyè, lọ sí ẹ̀ka méjèèjì, bẹ ọmọ 200 level kan kó fi ìwé tó ń kọ hàn ọ́. Ka ojú ewé mẹ́wàá. Èyí tí o bá fẹ́ ka ìkọkànlá rẹ̀, òun ni kí o tẹ̀.