Ẹ má kọ orúkọ ọkọ tí kò sí nílé sínú fọ́ọ̀mù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ títọ́. Ẹ ní bàbá àwọn ọmọ ti kó jáde láti oṣù Kẹta, pé ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Houston níbí, ẹ sì gbọ́ pé ìjọba máa ń bá òbí san owó dékíà, ilé tí wọ́n ti ń bá òbí tó lọ síbi iṣẹ́ tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú ń tì yín láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò sí lọ́dọ̀ ọkọ mọ́. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ kúkú fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe é rí, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi jìyà rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi lọ, ọmọ mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún méjì, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù méje. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá béèrè bàbá àwọn ọmọ, màá ní ó rìnrìn àjò. Nígbà tí mo wá dé ibi tí fọ́ọ̀mù owó dékíà ti béèrè iye òbí tó wà nílé, mo kọ méjì. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ìwé ìjọba ni, pé bí mo bá fọwọ́ ara mi kọ ẹyọ kan síbẹ̀, ó ti di òótọ́ nìyẹn.

Mi ò mọ̀ pé ní Texas, òbí tó ń dá tọ́mọ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tàbí kó máa kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 25 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n tí òbí bá jẹ́ méjì, wákàtí 50 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì pa pọ̀. Wákàtí 36 lèmi ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì owó náà ní kí n mú ìwé owó iṣẹ́ ọkọ mi wá. Níbo ni kí n ti rí i? Ẹni tí kì í gbé fóònù mi! Nígbà tí mo padà lọ ṣàlàyé, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé kò bá wa gbé, nítorí èmi náà ni mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìwé àdéhùn ilé, lẹ́tà onílé, ìwé iná, gbogbo rẹ̀ ni mo ń kó kiri. Ní gbogbo àkókò yẹn, aládùúgbò kan ló ń bá mi mú àwọn ọmọ. Dọ́là 50 ni mo ń san fún un lójúmọ́, dọ́là 14 sì ni mo ń gbà ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ọjọ́ kan tí mo jókòó sí ọ́fíìsì náà tí mò ń dúró kí wọ́n pe orúkọ mi, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Obìnrin ni gbogbo wa, ọmọ lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń wo ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé jákèjádò Amẹ́ríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdílé tó ń gba owó ìrànwọ́ yìí, òbí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Láti 1990 ni òfin owó náà ti wà. Irú àwa yìí ni wọ́n mọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ èyí náà: bí bàbá ìbejì bá padà wá, tó ń sùn nílé, ẹ sọ fún wọn. Mo mọ obìnrin kan tó pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní kó dá owó padà. Ó ṣì ń san án.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru ni kí ẹ tètè rò. Ẹ ní aago méje alẹ́ lẹ ń wọlé, aago méje àárọ̀ lẹ ń jáde. Dékíà tó ń ṣí lóru ṣọ̀wọ́n. Owó náà lè bá yín san fún ìyá àgbà tàbí àǹtí ọmọ, bí onítọ̀hún bá forúkọ sílẹ̀ tí wọ́n sì ti yẹ ìwé rẹ̀ wò. Mo fẹ́ fi ti ìyá mi ṣe é, àmọ́ físà àbẹ̀wò ni wọ́n fi wá, kò sì sí àyè láti fi ìyẹn gba owó iṣẹ́. Níkẹyìn mo gba ṣíìfù ojúmọmọ. Owó mi fi dọ́là méjì dín ní wákàtí kan. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń sùn lálẹ́, àwọn ọmọ mi sì ń rí mi.

Àwọn tó ń dúró de owó yìí pọ̀ ní Texas, nítorí náà ẹ má fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀fẹ́ ni Head Start, ètò ìjọba fún àwọn ọmọ kéékèèké tí owó òbí wọn kéré, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Bí àwọn ìbejì bá sì ti pé ọdún 4 kí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ẹ lọ sí ilé ìwé ìjọba àdúgbò yín fún kíláàsì pre-K, èyí tí àwọn ọmọ kéékèèké ń lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé gan-an. Ọmọ òbí tí owó rẹ̀ kéré ní ẹ̀tọ́ sí i, ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Èyí ni wọ́n fi gba tèmi. Yorùbá tí mò ń bá a sọ nílé, tí àwọn èèyàn ní yóò ba tọmọ náà jẹ́, òun ló ṣílẹ̀kùn fún un. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ń jáde, owó ìrànwọ́ sì lè gbé wákàtí tó kù títí ọmọ á fi pé ọdún 13.

Tí wọ́n bá ti gbà yín, oṣù 12 ni, kí wọ́n tó tún ìwé yín yẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yẹn sọnù. Mo kó ilé, mi ò yí àdírẹ́sì mi padà, lẹ́tà lọ sí ilé àtijọ́, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún wọn kíákíá, wọ́n á fún yín ní oṣù mẹ́ta láti wá òmíràn, dékíà ò ní dúró.

Ẹ kó ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé owó iṣẹ́ yín tó jáde láìpẹ́ àti ìwé àdéhùn ilé dání. Ipò àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ń wò fún owó náà, kì í ṣe tìyá, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Níbi tí wọ́n bá ti béèrè iye òbí, ẹ kọ 1. Bí ọwọ́ yín ò bá gbé e, ẹ kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, a ó jọ kọ ọ́.