Tí radius ò bá jáde nínú fáìlì tẹ́ ẹ kó wọlé, ẹ má tíì fọkàn tán nọ́ńbà kankan

Bọ̀dá tó ní òun kó fáìlì ẹlòmíì wọ FreeCAD, ìyẹn software tí wọ́n fi ń ya nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, tóun wá tẹ etí ihò roboto kan tó jẹ́ pé gígùn nìkan ló ń sọ, tí ò dárúkọ radius (ìwọ̀n láti àárín òbìrìkítí dé etí ẹ̀) rárá: kọ̀ǹpútà yín ò bàjẹ́ o, tool ìwọ̀n yẹn náà ò ní wàhálà. Ohun tójú yín rí bí òbìrìkítí yẹn, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n sí òbìrìkítí ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó gan.

Ilé bearing kan (bearing ni òrùka irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá yí geere) ni wọ́n ní kí n bá àwọn yà, bearing 6204, èyí tí inú ẹ̀ jẹ́ mílímítà 20 tí ìta ẹ̀ sì jẹ́ 47. Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní STL ni oníbàárà fi ránṣẹ́, mo ṣí i, mo wọn ihò ẹ̀ láti ògiri kan dé ògiri tó kọjú sí i, ó kọ 46.6. Mo ní bóyá wọ́n fẹ́ kó fún mọ́ bearing yẹn dáadáa ni, mo bá kọ 46.6 sórí drawing, mo gbé e lọ fún ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ. Ọ̀gá gbẹ́ aluminium yẹn bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, bearing ò wọlé, wọ́n bá mú hámà, bí wọ́n ṣe gbá a lẹ́ẹ̀kẹta báyìí ló sán láti etí dé ìdí. Èmi ni mo ra aluminium míì, èmi náà ni mo san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó sún mọ́ ihò yẹn lójú kọ̀ǹpútà tí mo sì kà á. Pẹlẹbẹ 24 ni wọ́n tò yípo! STL ò ní òbìrìkítí kankan nínú, onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ ló ń tò mọ́ra wọn. Igun àwọn pẹlẹbẹ yẹn ló sábà máa ń wà lórí òbìrìkítí gidi, àárín pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan ti wọnú díẹ̀, àárín yẹn ni mo sì lọ wọ̀n. Ká ní mo wọ̀n ọ́n láti igun dé igun tó kọjú sí i ni, 47 géérégé ni mi ò bá rí.

Torí náà, tó bá jẹ́ STL ni, ẹ lọ sí Part nínú FreeCAD, ẹ fi Create shape from mesh sọ ọ́ di shape, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí Draft, ẹ mú Arc by 3 points, ẹ tẹ igun mẹ́ta tó jìnnà síra wọn, radius á jáde nínú Data ẹ̀. Ẹ rántí pé STL kì í gbé unit dání o, ẹni tó fi ínṣì yà á, tí ihò ẹ̀ jẹ́ 2, mílímítà 2 lẹ máa rí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25.4.

Tó bá jẹ́ STEP, irú fáìlì míì tó lè gbé òbìrìkítí gidi dání, ó dáa ju STL lọ fíìfíì, ẹ bẹ ẹni tó ni fáìlì kó fi STEP ránṣẹ́. Àmọ́ software míì á ti sọ gbogbo ibi tó tẹ̀ di spline (ìlà tó kàn ń tẹ̀, tí wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ bí òbìrìkítí) kó tó jáde, ó máa dán, ó máa rí roboto, kò sì ní ní radius tí tool máa kà. Ọgbọ́n igun mẹ́ta yẹn náà lẹ máa lò, àmọ́ torí ibí yìí ò ní igun, ibi mẹ́ta lórí etí ẹ̀ lẹ máa tẹ̀. Ẹ ṣe é lójú ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí nọ́ńbà méjèèjì ò bá bára mu, kì í ṣe radius kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ má fipá fún un ní ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi section gé e (kẹ́ ẹ gé e la kọjá láti rí inú ẹ̀) kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ gé e ní ọ̀ọ́kán, torí ihò 47 tẹ́ ẹ bá gé ní ìdagẹ̀rẹ̀, degree 10 péré, á di 47.7 lápá kan.

Ibi tó bá kàn tẹ̀ díẹ̀, mo ṣì máa ń fi ọwọ́ ṣírò ẹ̀. Ẹ wò ó bí ọrun ọdẹ: okùn ọrun láti orí dé orí jẹ́ 40, láti àárín okùn dé igi jẹ́ 5. 40 lọ́nà 40, ẹ pín in sí 8 lọ́nà 5, ó di 40, ẹ fi ìdajì 5 kún un, radius yín ni 42.5. Tí ti kọ̀ǹpútà bá yàtọ̀ sí i gan, ó ní ibì kan tẹ́ ẹ tẹ̀ tí kò yẹ.

Ẹ sún mọ́ ihò yẹn ná, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá pẹlẹbẹ lẹ rí tàbí ó dán, àti iye tí igun mẹ́ta fún yín.