Ọgbà Tó La Ọ̀gbẹlẹ̀ Já: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Mẹ́ta Láti Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, Iléṣà ni mo ń gbé. Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, kí ẹnì kan tó gbé àgbàlá ilé rẹ̀ tuntun fún mi láti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú oṣù kọkànlá ni mo tẹ́ koríko kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, mo sì gbin òdòdó ixora yí i ká. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí ohun tí iná rà, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí n má bomi rin ín. Onílé ní kí n dá owó òun padà. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí dé ojú àmì. Ṣé dandan ni kí n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kí a tó dé orí ilé-ẹ̀kọ́, jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó pa koríko rẹ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Koríko kápẹ́ẹ̀tì tí ewé rẹ̀ fẹ̀ yẹn fẹ́ràn ọ̀rinrin, ó sì ń gba ibòji díẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn tó láti wá omi nísàlẹ̀ nígbà tí òkè ilẹ̀ bá ti gbẹ. Ní agbègbè wa, òjò a máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, a máa sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, a tún padà rọ̀ kíkankíkan ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kí ó tó dá nínú oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá tẹ́ koríko nínú oṣù kọkànlá dà bí ẹni tó gba àlejò sílé lọ́jọ́ tí oúnjẹ tán. Ká ní oṣù karùn-ún ni o tẹ́ ẹ ni, odindi oṣù mẹ́fà ni ì bá fi ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó kàn án. Bó bá sì jẹ́ pé gbangba oòrùn ni àgbàlá náà wà, koríko bàhámà ni ì bá yẹ ibẹ̀ jù, nítorí ó ń fara da ọ̀dá. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kò lè gbé abẹ́ igi.

Omi tí o ń bù sí i ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ náà kò gbè é tó bí o ṣe rò. Omi díẹ̀díẹ̀ kì í kọjá ojú ilẹ̀, gbòǹgbò á sì máa ká jọ sókè níbi tí omi wà, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí o bá gbàgbé, oòrùn á rí i mú. Ohun tó sàn ni kí a bomi rin ín ní àárọ̀ kùtùkùtù, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí omi náà sì pọ̀ débi tí yóò fi rin ilẹ̀ jìn. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó, fi ìka rẹ gún ilẹ̀ náà. Bí ìka bá kan gbígbẹ lábẹ́ òkè tó tutù, o kàn fọ ojú koríko ni.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀. O ní ilé tuntun ni. Níbi tí wọ́n bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, katapílà sábà máa ń ti ha ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ lọ, ohun tó kù a jẹ́ ilẹ̀ pupa tí táyà ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí àwọn bíríkìlà sì ti da ìṣẹ́kù síméǹtì sí. Síméǹtì yìí ní èròjà ẹfun nínú, ixora sì jẹ́ òdòdó tó fẹ́ ilẹ̀ kíkan díẹ̀ (tó ní ásíìdì). Níbi tí ẹfun bá ti pọ̀, ewé rẹ̀ á pọ́n láàárín iṣan bí omi tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn ènìyàn á sì máa da ajílẹ̀ sí i lásán. Nítorí náà, kí o tó ra ohun ọ̀gbìn kankan lọ́jọ́ mìíràn, bu èèpẹ̀ sínú ìgò oníke títí dé ìdajì, bu omi kún un, mì ín dáadáa, kí o sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tó kúnná yóò tẹ̀ lé e, amọ̀ yóò sì wà lókè pátápátá. O lè fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, gbẹ́ ihò tó jìn ní rúlà kan, èyí ni sẹ̀ǹtímítà 30, kí o rọ omi kún un lẹ́ẹ̀mejì. Bí omi kejì bá ṣì dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, gbòǹgbò yóò jẹrà níbẹ̀. Bí ó bá gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilẹ̀ náà kò lè di omi mú, ilẹ̀dú, èyí ni ìràwé àti èèpo tó ti jẹrà di ilẹ̀, ló nílò.

Ilẹ̀dú kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Èmi náà dàgbà nínú ilé tí a ti ń gbá àgbàlá láràárọ̀ títí ojú ilẹ̀ yóò fi máa dán, tí a ó sì dáná sun gbogbo ìràwé tí a gbá jọ, nítorí a gbà pé ìmọ́tótó nìyẹn, àti pé ejò kì í fara pamọ́ sí gbangba. Ọ̀rọ̀ ejò kì í ṣe irọ́, kí ẹsẹ̀ ògiri máa mọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ilẹ̀ ni a ń dáná sun yẹn. Kó ìràwé náà jọ sí igun kan, ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ohun gbígbẹ sí apẹ̀rẹ̀ kan ohun tútù bí èèpo èso, ewé ẹ̀fọ́ àti imí ewúrẹ́, kí òkìtì náà ga tó mítà kan, kí fífẹ̀ rẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Máa yí i padà lọ́sẹ̀ méjìméjì. Bí o bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún, kí ó tutù bíi kànìnkànìn tí a ti fún omi rẹ̀ dànù. Pẹ̀lú ooru ilẹ̀ wa, láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ni yóò ti dúdú, tí òórùn rẹ̀ yóò sì dà bíi ti ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Imí adìẹ náà dára púpọ̀, àmọ́ má ṣe dà á sí ìdí òdòdó ní tútù, ó ń jó gbòǹgbò. Inú òkìtì yìí ni kí ó ti kọ́kọ́ rọ̀.

Ìràwé tó kù ni kí o fi bo ìdí ohun ọ̀gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kí oòrùn má baà fa omi inú ilẹ̀ gbẹ. Jẹ́ kí ó jìnnà sí ara igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo ti fi ìwàǹwára pàdánù igi ọsàn kan rí, nítorí pé mo kó ewé rọ̀gbà yí ìdí rẹ̀ ká, ikán sì rí ọ̀nà gbà wọlé.

Wàyí o, níbo ni a ti ń kọ́ ọ? Bí o bá lágbára àtilọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, Yunifásítì Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó wà fún ọ̀gbìn òdòdó àti èso, Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ igbó sì wà ní Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn kan náà, ní Ìdí-Ìṣin, ni NIHORT wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ó yẹ kí o lọ béèrè nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí o dúró de ìwé ẹ̀rí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ, nítorí ẹni tó ń ta òdòdó mọ bí a ti ń gé ẹ̀ka gbìn àti bí a ti ń mú un hù. Oṣù mẹ́fà tí o lò kò jẹ́ kí o rí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn pa pọ̀. Yan ilẹ̀ kékeré kan, bó ṣe ẹ̀yìnkùlé yín, kí o sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sínú ìwé fún odindi ọdún kan: ọjọ́ tí òjò rọ̀, ibi tí omi dúró sí, ibi tí oòrùn kì í dé, òdòdó tó kọ́kọ́ rọ. Ìwọ yóò rí i pé pẹ̀rẹ̀gún, ọ̀já ìkookò àti bougainvillea kò bìkítà fún ọyẹ́, nígbà tí àwọn mìíràn ti ń daku.

Ní ti owó onílé, èrò mi ni pé kí o jẹ́wọ́ pé àsìkò ló ṣì ọ́ lọ́nà, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí o tún un tẹ́ nínú oṣù karùn-ún. Ìwọ ra koríko, kí ó má san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé mi wà, àgbàrá sì ti gbẹ́ ìdí ògiri mi ní apá kan títí ìpìlẹ̀ fi hàn síta. Àwọn ọmọ mi fẹ́ da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá. Èmi kò fẹ́, nítorí ewúro àti ẹ̀fọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìdúró ti ewúro. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n kọnkéré kì í dá àgbàrá dúró, ńṣe ló ń tì í yára lọ sí ilé aládùúgbò, tàbí padà sí ìdí ògiri yín. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí mítà kan níbùú lóròó, lítà kan ni. Bí òrùlé yín bá jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 10 ní fífẹ̀, òjò mìlímítà 20, èyí tí kì í ṣe òjò ńlá rárá ní Ifẹ̀, yóò da lítà 2,000 sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 mẹ́wàá nìyẹn, láti orí òrùlé nìkan. Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ fi ọ̀ṣọ̀rọ̀ páìpù sí etí òrùlé, kí ó darí omi sínú táńkì tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò nítorí ẹ̀fọn, kí èyí tó bá kún jù sì gba gọ́tà jìnnà sí ìpìlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ebè tí a bá kọ láti òkè wá sísàlẹ̀, ọ̀nà ni ó là fún àgbàrá. Ìdábùú ni kí ebè ẹ̀fọ́ yín wà, kí ẹ sì gbin ewé tíì ní ìlà tó fún pọ̀ láàárín wọn, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó ń di ilẹ̀ mú, ẹ ó sì tún rí i sè mu. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ojú lè tan ni jẹ níbi wíwá ìlà tó dọ́gba, nítorí náà kí àwọn ọmọ so igi mẹ́ta pọ̀ bíi lẹ́tà A, kí wọ́n fi okùn so òkúta rọ̀ láti orí rẹ̀. Níbi tí okùn bá ti kan àárín igi ìdábùú gan-an, ẹsẹ̀ méjèèjì wà ní ìpele kan náà. Kí àwọn ọmọ má baà binú, ẹ gbà kí wọ́n fi íntàlọ́ọ̀kì yí ìdí ògiri ká, kí ó dà sí apá gọ́tà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ilẹ̀ padà bo ìpìlẹ̀ tó hàn. Ewúro lè dúró síbi tó wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀ka igi máńgòrò wa ti ń kan páànù. Àwọn kan ní kí a bẹ́ orí igi náà pátápátá, kí a sì fi òkú ọ́ìlì ọkọ̀ kun ojú ibẹ̀. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? (Iléṣà)

Ìdáhùn: Kò dára. Igi tí a bẹ́ lórí a máa hu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa, àwọn yẹn gan-an ni ìjì ń fà ya lé òrùlé lọ́dún díẹ̀ sí i. Kékeré ni à ń pẹ̀ka ìrókò, ó sì yẹ kí ẹ ti gé ẹ̀ka yìí nígbà tí kò ju ọmọrí odó lọ. Ṣùgbọ́n bó ti dé báyìí, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá ká èso tán, kí ẹ mú ẹ̀ka tó ń da páànù láàmú nìkan, kí ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé igi náà lọ lọ́dún kan. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn rẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀, ní ìwọ̀n apá kan sí ara igi, títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn rẹ̀. Ẹ bọ́ síwájú díẹ̀, kí ẹ wá rẹ́ ẹ láti òkè títí yóò fi já, kò ní bó ara igi lọ. Kùkùté tó kù ni kí ẹ gé kẹ́yìn, ní ìta ibi tó wú bí ọrùn níbi tí ẹ̀ka ti so mọ́ ara igi, ẹ má gé ọrùn náà. Ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dé fúnra rẹ̀, òkú ọ́ìlì kò ràn án lọ́wọ́. Bí wáyà iná bá wà nítòsí, tàbí tí ẹ̀ka náà wúwo ju ohun tí ènìyàn méjì lè fi okùn dì mú, ẹ pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà.