Ṣé òwe "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà" bá ọ̀rọ̀ adìẹ yìí mu?

Ìbéèrè tó wá rèé: wọ́n yẹ ẹyin adìẹ kan wò, wọ́n bá p27 nínú rẹ̀, ìyẹn purotéènì fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ adìẹ. Ara adìẹ yìí sì dá ṣáṣá, kò kó àrùn níbì kankan. Ṣé òwe obì yẹn ló bá a mu?

Ó bá a mu dé àyè kan. Ọ̀tá tó wà nítòsí là ń pa òwe yẹn mọ́, ohun tó wà lára adìẹ yìí náà kò sì ti òde wá. Ṣùgbọ́n kòkòrò obì, ẹ̀yìn tí obì ti so ni ìyá rẹ̀ wá yé ẹyin sí i. Ti adìẹ, àjogúnbá ni. Retrovirus, ìyẹn irú fáírọ́ọ̀sì tí ti jẹjẹrẹ adìẹ yìí jẹ́, máa ń tẹ ẹ̀dà ara rẹ̀ bọ inú DNA sẹ́ẹ̀lì tó bá wọ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí irú rẹ̀ kan ti wọ sẹ́ẹ̀lì ìbímọ adìẹ, tí òbí sì ń gbé e fún ọmọ. Wọ́n tilẹ̀ bá a lára adìẹ igbó pupa ti Éṣíà, tí adìẹ ilé ti ṣẹ̀ wá.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ ló wú mi lórí jù. Ní àárín àwọn ọdún 1960, àyẹ̀wò purotéènì yìí ń mú ọmọ adìẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, tí fáírọ́ọ̀sì kankan kò sì wọ̀ ọ́. Ó rọrùn kéèyàn ní àyẹ̀wò ló ṣì í. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Payne àti Chubb, jẹ́ kí adìẹ tó ní in bá èyí tí kò ní gùn, wọ́n tọ ipa rẹ̀ lára àwọn ọmọ, wọ́n sì jábọ̀ ní 1968 pé ìlànà àjogúnbá Mendel ló ń tẹ̀ lé, ìyẹn bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Ní 1971, Robin Weiss àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tan ìtànṣán sí sẹ́ẹ̀lì adìẹ tí kò lárùn, wọ́n da kẹ́míkà sí òmíràn, odindi fáírọ́ọ̀sì bá jáde.

Ṣé ó ń pa adìẹ lára? Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Àwọn kan tiẹ̀ ń ṣe purotéènì tó ń dí ojú ibi tí fáírọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wọn ì bá gbà wọ sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí wọ́n ń pè ní ev21, tó sún mọ́ àbùdá tí ń mú ìyẹ́ pẹ́ yọ, ni ká ṣọ́ra fún. Ara adìẹ tó ní in lè ka purotéènì yẹn sí tara rẹ̀, bí fáírọ́ọ̀sì gidi bá ti òde dé, kò ní bá a jà dáadáa. Lójú tèmi, "Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́" ló yẹ ká pa síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń yẹ agbo adìẹ wò kò gbọdọ̀ tìtorí p27 nìkan pa adìẹ dànù. Kó mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí DF-1, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì adìẹ tí wọ́n ń tọ́ ní yàrá àyẹ̀wò, tí fáírọ́ọ̀sì àjogúnbá yẹn kò lè wọ̀. Bí p27 bá yọ níbẹ̀, a jẹ́ pé òde ni àrùn ti wọlé.