Bí ihò bá ti wà lórí irin, ibẹ̀ ni bíìtì máa ń gbà lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ohun tẹ́ ẹ béèrè yé mi dáadáa. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 6mm, ihò 8mm wà lára rẹ̀, bóòtù 12mm ló sì fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Yàtọ̀ sí pé ihò náà kéré, ó tún gbọ́dọ̀ sún sápá òsì ní 2mm kó tó lè bá ihò ara ẹ̀rọ mu. Dírìlì ọwọ́, fáìlì, òòlù àti fáìsì ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹnì kan ti ní kẹ́ ẹ kàn ki bíìtì ńlá, irin tó ń yí lẹ́nu dírìlì tó sì ń lu ihò, bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ tì í sápá òsì bẹ́ ẹ ṣe ń lu ú lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èmi ti dán an wò rí, lára ìjókòó mọ́tò kan. Ihò mẹ́rin ni mo lu, ọ̀kan ṣìnà. Mo ki bíìtì 12mm bọ ihò náà, mo fi gbogbo ara tẹ dírìlì sápá ibi tí mo fẹ́ kó lọ. Ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n gìrìgìrì, ó ń sọ etí ihò náà di igun-igun. Lẹ́yìn náà ló há lójijì, dírìlì sì yí ara rẹ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ọrùn ọwọ́ mi wú fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo yọ irin náà wò, ojú rẹ̀ lókè rí bí ẹyin, ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ ṣe rogodo, àárín rẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà láti àná. Ó kàn tóbi sí i ni. Mo wá ní ihò ńlá tó ṣìnà dípò kékeré tó ṣìnà.

Ohun tó fà á ni pé ẹnu ni bíìtì fi ń jẹ irin, kò fi ẹ̀gbẹ́ jẹ ẹ́. Ọ̀nà tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kàn ń ra mọ́ ògiri ihò ni. Tí ṣóńṣó rẹ̀ bá wà nínú òfìfo, tí kò rí irin tẹ̀ mọ́, etí ihò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń darí ètè rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á sì jọ fà á padà sí àárín àtijọ́. Agbára ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ká a. Ríímà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ ihò, náà kò yàtọ̀: ihò tó bá bá nílẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, ó kàn ń fẹ̀ ẹ́ ni. Nítorí náà fáìlì ló máa sún ihò yín, dírìlì kàn máa wá parí rẹ̀ ni.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Ẹ yọ ìbú ihò àtijọ́ kúrò nínú ìbú tuntun, kẹ́ ẹ pín èyí tó kù sí méjì. Ibẹ̀ ni ihò lè sún dé láìjẹ́ pé ti àtijọ́ yọjú síta. Bóòtù 12mm nílò ihò 13mm tí ẹ bá fẹ́ kó mọ́ra díẹ̀, 13.5mm ni èyí tí wọ́n sábà ń lò. Ká mú 13. Ẹ yọ 8 kúrò, ó ku 5, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2.5. 2mm lẹ fẹ́ sún un, ó wọlé, ihò tuntun máa gbé ti àtijọ́ mì. Ká ní 4mm ni, ẹ̀gbẹ́ ihò àtijọ́ á yọ síta bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ á sì yàtọ̀. Màá dé ibẹ̀.

Ó wá ku àmì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sáré, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Àárín tuntun yín bọ́ sínú òfìfo ihò àtijọ́, ẹ ò lè fi pọ́ǹsì, irin ṣóńṣó tí a fi ń ta àmì, lu afẹ́fẹ́. Ẹ gbẹ́ igi líle tó gbẹ dáadáa, kó ṣe róbótó, kí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀, kẹ́ ẹ fi òòlù gbá a wọ inú ihò títí yóò fi há gbọin-gbọin. Ẹ fi ayùn gé èyí tó yọ síta, ẹ fi fáìlì ha á kó tẹ́jú pẹ̀lú irin. Ẹ wá fi máákà kun àyíká rẹ̀ kí ìlà lè hàn.

Ẹ má ṣe wọn 2mm yẹn láti ara ihò àtijọ́ o. Ihò tó ti ṣìnà ni, ta ló ń bi aṣìnà léèrè ọ̀nà? Láti etí irin tó tọ́ ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, tàbí láti ara àwọn ihò yòókù. Bí ààyè bá wà, ẹ gbé irin náà sórí ẹ̀rọ, ẹ fi àwọn bóòtù yòókù dè é, kẹ́ ẹ fi nǹkan ṣóńṣó fa ìlà yí ihò ẹ̀rọ náà ká láti ẹ̀yìn. Ìyẹn dájú ju rúlà lọ. Tí ẹ bá ti rí àárín tuntun, ẹ fi pọ́ǹsì lu igi náà díẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì síbẹ̀, kẹ́ ẹ fa ìlà róbótó tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 6.5mm. Lórí ìlà yẹn gan-an, ẹ fi pọ́ǹsì ta àmì wẹ́wẹ́ mẹ́jọ yíká, fẹ́rẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ ta á. Máákà lè pa rẹ́, òróró lè fọ̀ ọ́ lọ, àmì pọ́ǹsì kì í lọ. Tí iṣẹ́ bá parí, ìlàjì àmì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó kù létí ihò. Níbi tí odindi àmì bá ṣì wà, ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Níbi tí kò bá sí àmì mọ́, ẹ ti kọjá. Ẹ ṣe é lójú méjèèjì irin náà, torí fáìlì a máa dagun lọ́wọ́ èèyàn láìfura, ihò á sì fẹ̀ lójú kan ju èkejì lọ.

Ní tiyín, irin tẹ́ ẹ máa jẹ lápá òsì jẹ́ 4.5mm, ti apá ọ̀tún jẹ́ 0.5mm péré. Láti fi fáìlì ha 4.5mm nínú irin tó nípọn tó 6mm kì í ṣe eré, nítorí náà ẹ dín in kù. Kẹ́ ẹ má tíì yọ igi yẹn, ẹ wọn 4.3mm láti àárín tuntun lọ sápá òsì, ẹ fi pọ́ǹsì lu ibẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ fi bíìtì 3mm lu ihò kékeré já a. Irin líle ló bá níbẹ̀, kò ní sá lọ síbì kankan. Irin fẹ́lẹ́ tí kò tó 1mm ló máa kù láàárín ihò kékeré yìí àti ti àtijọ́, fáìlì á sì já a láìpẹ́. Lẹ́yìn èyí lẹ tó lè ti igi náà jáde.

Fáìlì róbótó tó gba inú 8mm lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tì í lọ nìkan ló ń jẹ irin, nítorí náà ẹ gbé e sókè nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ẹ má wọ́ ọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń tì í, ẹ máa yí i díẹ̀ lọ́wọ́ kó má bàa gbẹ́ kòtò sójú kan. Tí ihò bá ti ń fẹ̀, ẹ paárọ̀ rẹ̀ sí fáìlì tí ikùn rẹ̀ ṣe róbótó tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, nítorí fáìlì róbótó kékeré nínú ihò ńlá kò ní ṣe ju kòtò-kòtò lọ. Ẹ máa gbọn eruku irin kúrò lára eyín rẹ̀. Tó bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù lẹ̀ ń ṣe, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa fáìlì kó má bàa dí. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ìlà, ẹ dá ọwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ yí irin náà sẹ́yìn wò. Èmi máa ń ka àmì pọ́ǹsì wọ̀nyẹn bí ẹni ń ka owó.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa dúró ni ìgbà tí ihò náà bá jìnnà sí ìlà ní ìwọ̀n kan náà yíká, bíi ìdajì mm. Nísinsìnyí ni dírìlì tó wúlò. Òfìfo tó wà níbẹ̀ ti pagbo yí àárín tuntun ká, ibẹ̀ náà ni bíìtì 13mm máa jókòó sí. Ṣùgbọ́n bíìtì tó ń jẹ irin díẹ̀ báyìí máa ń gán, ó máa ń fẹ́ fa ara rẹ̀ wọlé bíi síkúrù. Ẹ fi fáìsì mú irin náà le, ẹ gbé igi sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di dírìlì mú, kó máa yí jẹ́jẹ́. Ohun tó yẹ bíìtì 13mm lórí irin lásán kò ju bíi ìyípo 600 ní ìṣẹ́jú kan lọ, tí ọwọ́ lásán bá sì mú un, ẹ lọ sílẹ̀ sí i. Ẹ kán òróró sí i. Tó bá kù díẹ̀ kó já sí òdìkejì, ẹ dẹ ọwọ́, ibẹ̀ ló ti máa ń há. Ẹ wọ awò ojú, ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́ nídìí dírìlì. Tó bá gbá ìbọ̀wọ́ mú, ọwọ́ ló máa bá a lọ.

Tí ẹ̀rù dírìlì bá ń bà yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi fáìlì parí rẹ̀. Àyè bóòtù lásán ni, kò sí ẹni tó máa wá fi kálípà wọ̀n ọ́n. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo fi fáìlì nìkan parí iṣẹ́, tí bóòtù wọlé wẹ́rẹ́.

Fún ẹni tí tirẹ̀ ju ìṣirò yẹn lọ, tí oṣù lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀: ẹ máa gbọ́ pé kẹ́ ẹ fi bóòtù dí ihò àtijọ́, kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ lu ihò tuntun. Ó ń ṣiṣẹ́, tí ohun tẹ́ ẹ fi dí i bá jẹ́ irú irin kan náà pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ̀ ń lu. Mo fi bóòtù irin dí ihò lára àlùmíníọ̀mù nígbà kan, mo fi pọ́ǹsì lu àárín wọn gan-an, bíìtì bá yà kúrò lára irin, ó wọ inú àlùmíníọ̀mù tó rọ̀ bí ewúrẹ́ tó rí ewé. Wẹ́dà náà lè fi iná dí i. Kó gbé bàbà sẹ́yìn ihò náà, nítorí wẹ́ẹ̀dì kì í lẹ̀ mọ́ bàbà. Kó tutù fúnra rẹ̀, ẹ má da omi sí i, kó má bàa le ju ohun tí bíìtì lè jẹ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti wọ́ṣà. Ẹ fi fáìlì fa ihò náà gùn bó ṣe wù yín, kò pọn dandan kó rẹwà. Ẹ wá wọ́ṣà tó nípọn tí ihò rẹ̀ bá bóòtù mu, ẹ gbé irin náà síbi tó yẹ kó wà, ẹ fi bóòtù dè é pẹ̀lú wọ́ṣà yẹn, kí wẹ́dà kàn án mọ́ irin lójú méjì-mẹ́ta, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ kó wá jó o yíká. Ihò wọ́ṣà ti di ihò yín nìyẹn, ó sì bọ́ síbi tó yẹ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi rúlà wọn nǹkan kan. Ìjókòó mọ́tò tí mo bàjẹ́ lọ́jọ́sí, bí mo ṣe tún un ṣe nìyẹn.

Páànù fẹ́lẹ́ kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Fáìlì díẹ̀ láti sún àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ wá lo bíìtì tó ní àtẹ̀gùn, òun kì í gán bí ti lásán.

Ohun kan ló kù tẹ́ ẹ ò sọ, ọ̀gá mi: ṣé etí irin náà lápá òsì yẹn jìnnà? Ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín tuntun dé etí. Èmi kì í jẹ́ kó dín sí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìbú bóòtù, ìyẹn 18mm fún tiyín. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì gbé fáìlì, ẹ sọ iye tó jẹ́ fún mi ná.